Ṣé o mọ̀? Ìyá Ìjọ la mọ̀, Ìjọ Ìyá ńkọ́?

Bí wọ́n bá pe "Ìyá Ìjọ" ní pàrísì wa, gbogbo ojú á yí sí ìjókòó kan níwájú, níbi tí ìyá àgbà kan ti dé gèlè tó ga débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í rí pẹpẹ. Oyè ni. A máa ń fi èèyàn jẹ ẹ́, a sì máa ń se ìrẹsì sí i. Ṣùgbọ́n yí ọ̀rọ̀ méjèèjì po, kí o ní "Ìjọ Ìyá", ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn. Kì í ṣe obìnrin kan nínú ìjọ mọ́, ìjọ gan-an ló di obìnrin: ó lóyún, ó rọbí, ó bímọ, ó fọ́mọ lọ́yàn, ó sunkún lórí ọmọ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin ọdún tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń pe Ìjọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa Kátólíìkì sì ń wí i lẹ́nu bí ọmọ iléèwé tó ń ka ABD. Mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tí mo bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí. Àwọn kan dùn bí oyin, ọ̀kan korò bí ewúro.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀? Carthage ni, ní etí òkun Tùnísíà òde òní. Ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian, ọ̀mọ̀wé ará Carthage, kọ lẹ́tà sí àwọn onígbàgbọ́ tó wà lẹ́wọ̀n tí wọ́n ń retí ikú. Àwọn ará ìjọ a máa gbé oúnjẹ lọ fún wọn nínú ẹ̀wọ̀n, bí àwa náà ṣe ń gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá báyìí. Tertullian kò pe oúnjẹ yẹn ní ìrànwọ́ tàbí àánú. Ó ní omi ọyàn ìyá wọn ni, ìyá náà sì ni Ìjọ. Ní nǹkan bí ọdún 251, Cyprian tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú kan náà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé ẹni tó bá kọ Ìjọ ní ìyá, kó má pe Ọlọ́run ní baba mọ́. Wọ́n bẹ́ orí Cyprian ní ọdún 258. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé òyìnbó ló gbé gbogbo ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wá fún Áfíríkà, fi Carthage hàn án.

Àárín lẹ́tà Tertullian àti ìwé Cyprian ni ohun tó mú mi gbàgbọ́ pé àwọn ìyá gidi ló kọ́ Ìjọ ní iṣẹ́ ìyá ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìyálọ́mọ méjì wà lára àwọn tó kú nínú pápá ìṣeré Carthage ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, ọdún 203? Perpetua ni ọ̀kan, ọmọ ọlọ́lá, ó tó ọmọ ọdún méjìlélógún, ó kàwé, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́nu ọyàn rẹ̀. Felicity ni èkejì, ẹrúbìnrin, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Perpetua fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ẹ̀wọ̀n, ìwé náà sì wà títí dòní, lára àwọn ìwé tó pẹ́ jù lọ tí obìnrin onígbàgbọ́ kọ. Kò kọ ọ́ bí ìwàásù. Ó kọ nípa òkùnkùn àti ooru ẹ̀wọ̀n, àti ọkàn rẹ̀ tí kò balẹ̀ nítorí ọmọ. Àwọn díákónì méjì fún àwọn ọmọ ogun ní owó ẹ̀yìn (bẹ́ẹ̀ ni, rìbá!) kí wọ́n lè kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ síbi tó sàn fún wákàtí díẹ̀. Ibẹ̀ ni Perpetua ti fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọmọ náà kú. Nígbà tí wọ́n wá gbà kí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ara òun yá lójú ẹsẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì dà bí ààfin lójú òun. Baba rẹ̀, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, wá lẹ́ẹ̀kan, ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó wólẹ̀, ó fi ẹnu ko ọwọ́ ọmọ tó bí, ó ní kó ṣàánú ewú orí òun. Ọmọ kò yíhùn padà. Lẹ́yìn ìdájọ́, baba náà gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sì dá a padà. Perpetua kọ ọ́ sílẹ̀, bí abiyamọ nìkan ṣe lè rántí, pé ọmọ kò béèrè ọyàn mọ́, ọyàn òun náà kò sì wú.

Ẹ̀rù ń ba Felicity ní tirẹ̀. Òfin Róòmù kò gbà kí wọ́n pa aboyún, ó sì ń bẹ̀rù pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò lọ, òun nìkan yóò ṣẹ́kù láti kú láàárín àwọn ọ̀daràn. Wọ́n gbàdúrà papọ̀, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lọ sí pápá, ìrọbí sì mú un. Bí ó ṣe ń jẹ̀rora, ọ̀kan nínú àwọn wọ́dà fi í ṣẹlẹ́yà pé bí èyí bá ń mú un ké báyìí, kí ló máa ṣe níwájú ẹranko? Ó dá a lóhùn pé ìrora ti òní, òun nìkan ló ni ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Ẹlòmíràn yóò wà nínú òun tí yóò bá òun jẹ ẹ́. Ó bí obìnrin. Nígbà tí wọ́n mú àwọn méjèèjì wọ pápá ní ìhòòhò nínú àwọ̀n, àwọn èrò tó wá wo ẹ̀jẹ̀ gan-an ṣe háà: wọ́n rí i pé ọ̀kan ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ẹlẹgẹ́, omi ọyàn sì ń kán lọ́yàn ìkejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ní kí wọ́n dá wọn padà kí wọ́n wọṣọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú abo màlúù tó ya wèrè sí wọn.

Ọmọ tí Felicity bí ńkọ́? Arábìnrin kan nínú ìjọ gbà á, ó tọ́ ọ bí ọmọ tirẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìwé náà fún un, kò sí orúkọ arábìnrin yẹn, kò sí orúkọ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí pé ọjọ́ wo ni "Ìjọ Ìyá" di ẹran ara, ọjọ́ yẹn ni mo máa tọ́ka sí.

Orúkọ àwọn ìyá méjèèjì wà nínú àdúrà ìyàsímímọ́ ti Róòmù títí dòní. Bí fàdá bá ka èyí tó gùn nígbà Míísà, fetí sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ ìgbà yẹn náà máa ń fi oyin síni lẹ́nu? Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tuntun kì í gba orúkọ lásán. Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n gbé oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi síwájú àwọn àgbà, wọ́n tọ́ ọ wò sí ọmọ lẹ́nu pẹ̀lú àdúrà. Ní Carthage, ẹni tó bá jáde nínú omi ìrìbọmi, wọn yóò fún un ní wàrà tí wọ́n po mọ́ oyin, nítorí ọmọ tuntun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó hu irùngbọ̀n. Tertullian ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún fi kún un pé láti ọjọ́ náà, wọn kì í wẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá ìyá mi, tó máa ń fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú bó ọmọ tuntun láàárọ̀ lálẹ́, ì bá ti bá wọn fa wàhálà lórí ìyẹn.

Nọ́ńbà mẹ́jọ ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn kò sinmi síbẹ̀. Ilé ìrìbọmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàsílíkà Lateran ní Róòmù, igun mẹ́jọ ló ní, òpó mẹ́jọ ló sì yí ibi omi ká. Èyí tí Ambrose bíṣọ́ọ̀bù Milan ti ri Augustine bọmi ní Àjíǹde ọdún 387, igun mẹ́jọ ni òun náà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kàtídírà ìlú yẹn. Ìdí ni pé ọjọ́ méje ni Ọlọ́run fi parí ayé, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Jésù jíǹde, nítorí náà ọjọ́ kẹjọ ni ayé tuntun bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé a kọ́ ìkómọjáde lára wọn, n kò sì sọ pé wọ́n kọ́ ọ lára wa. Mo kàn ní kí o wò ó ni.

Nígbà Póòpù Sixtus Kẹta, tó jọba láti ọdún 432 sí 440, ni wọ́n kọ ewì Látìn sára òkúta ilé ìrìbọmi Lateran náà. Ohun tó sọ kò ní àbùlà: omi yìí ni ilé ọmọ Ìjọ, Ẹ̀mí ló lóyún, Ìyá wa ló bí i. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi ń wọ inú ìyá lọ. Nikodémù béèrè lọ́wọ́ Jésù bí àgbàlagbà ṣe lè padà wọ inú ìyá rẹ̀. Èsì nìyẹn, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta.

Má sì ṣe àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Ìjọ ìyá gbogbo ìjọ kọ́ ni ti Pétérù Mímọ́ tó wà ní Vatican. Lateran ni. Ibẹ̀ ni kàtídírà Póòpù gan-an, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú ilé náà pé òun ni ìyá àti olórí gbogbo ìjọ ìlú Róòmù àti ti àgbáyé. Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ń ṣe ọdún rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi páànù bò ní abúlé.

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò kan wà tí wọ́n ń kí ní ìyá ní òru Àjíǹde? Oyin ni. Bí iná bá ti kú ní ṣọ́ọ̀ṣì tán, tí díákónì gbé àbẹ́là ńlá wọlé, ó ní orin gígùn kan tí yóò kọ níwájú iná náà. Nínú orin yẹn, Ìjọ Ìyá ni wọ́n ní kó yọ̀, oyin ìyá sì ni wọ́n ní ó ṣe ìda tí àbẹ́là fi ń jó. Àwọn ará àtijọ́ rò pé oyin kì í gùn kó tó bímọ, wọ́n ní wúńdíá ni, ìyá sì ni. Bí ìgbàgbọ́ ṣe sọ nípa Màríà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa Ìjọ. Èdè wa dùn síbí: ẹni tó ṣe ìda ni oyin, ohun tí wọ́n fi sí ọmọ tuntun lẹ́nu ni oyin.

Ní gúúsù Ítálì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, orí awọ gígùn tó ṣeé ká bí ẹní ni wọ́n máa ń kọ orin yìí sí. Ọ̀kan wà ní Bari títí dòní. Wọ́n ya Ìjọ Ìyá síbẹ̀ bí obìnrin, wọ́n ya oyin tó ń fò lórí òdòdó. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà dorí kodò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ẹni tó yà á kò mutí. Bí díákónì ṣe ń kọrin ló ń tú awọ náà sílẹ̀ níwájú àga ìwàásù, tí ó ń wó lọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn: òun ń ka ọ̀rọ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ tí kò mọ̀wé ń wo àwòrán tó kọjú sí wọn dáadáa. Ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun kò tí ì mọ̀wé kà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní ọdún 1973, àwọn tó túmọ̀ orin náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì yọ oyin kúrò pátápátá, bóyá ojú ń tì wọ́n. Ìtumọ̀ ọdún 2011 dá a padà sílé.

Ṣé o mọ̀ ohun tí Póòpù sọ nípa ìyálọ́mọ àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì? Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dọ̀ Yorùbá, abiyamọ kì í sáré jáde. Ogójì ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ń kà kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ ṣe ìdúpẹ́, ìsinmi sì ni, ó dára. Ohun tí kò dára ni kí ẹnìkan sọ fún un pé ara rẹ̀ kò mọ́. Mo mọ obìnrin kan tí àgbà ìjọ dá padà lẹ́nu géètì nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó padà sílé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Augustine tó di bíṣọ́ọ̀bù Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (kì í ṣe Augustine ti Hippo tí Ambrose ri bọmi o) ti kọ̀wé bi Póòpù Gregory Ńlá léèrè ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ọjọ́ mélòó ni abiyamọ yóò lò kó tó wọ ilé Ọlọ́run? Ní ọdún 601, èsì dé. Gregory ní òfin Mósè ka ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fún ọmọkùnrin àti mẹ́rìndínláàádọ́rin fún ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ni gbogbo ìyẹn. Bí obìnrin bá bímọ tán ní wákàtí yìí tó sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì wá dúpẹ́ ní wákàtí yìí náà, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ìrora ọmọ bíbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó ọdún tí èsì yẹn ti wà nílẹ̀, àgbà ìjọ tí mo sọ kò sì tí ì gbọ́.

Nínú ìwé ìlànà tí Róòmù tẹ̀ jáde ní ọdún 1614, àdúrà wà fún abiyamọ. Yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó lọ́wọ́. Fàdá yóò jáde wá bá a, yóò na etí òsì ọ̀já ọrùn rẹ̀ sí i, obìnrin náà yóò di ọ̀já mú, wọn yóò sì jọ wọlé. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn: ọmọ Ìjọ di ọ̀já mú bí ọmọ ṣe ń di ìró ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti gbé ìbùkún náà wọ inú ìsìn ìrìbọmi ọmọdé. Ní ìparí rẹ̀, ìyá ni fàdá ń kọ́kọ́ súre fún, kó tó kan baba. Èmi kò tí ì rí baba tó jiyàn.

Ṣé o mọ̀ pé agbẹ̀bí lè ri ọmọ bọmi? Bí ọmọ tuntun bá fẹ́ kú, tí fàdá kò sí nítòsí, ẹnikẹ́ni lè da omi sí i lórí ní orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ọmọ náà ti di Kátólíìkì. Ní ọdún 1439 ni Póòpù Eugenius Kẹrin kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin lè ṣe é, àní ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ rárá lè ṣe é, bó bá ti ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Ìwé 1614 yẹn ní kí fàdá pàrísì rí i dájú pé àwọn ará ìjọ mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn agbẹ̀bí ní pàtàkì. Èyí túmọ̀ sí pé lójú òfin Ìjọ, ọwọ́ tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kan lè fà á lé ìyá kejì lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, láìdúró de bíṣọ́ọ̀bù.

Ìyá ìsàmì náà kì í ṣe ẹni tí a kàn ń pè wá ya fọ́tò. Títí di ọdún 1983, òfin Ìjọ Látìn kò gbà kí ẹni tó gba ọmọ lójú omi fẹ́ ọmọ náà bó bá dàgbà, ìbátan ti wà láàárín wọn. Àwọn Kátólíìkì ìhà Ìlà Oòrùn ṣì di òfin náà mú, tiwọn tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: onígbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ fẹ́ bàbá tàbí ìyá ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹbí ni wọ́n.

Monica, ìyá Augustine, o ti mọ ìtàn rẹ̀, n kò ní fi gùn ọ́. Tagaste ni wọ́n ti bí i, ní Àlùjíríà òde òní. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sí Róòmù, ó tàn án, ó ní òun fẹ́ sin ọ̀rẹ́ kan dé etíkun ni, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lóru, ó sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń gbàdúrà. Ìyá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ré òkun kọjá! Ó rí ìrìbọmi ọmọ rẹ̀ ní ọdún 387, ó sì kú ní Ostia ní ọdún yẹn kan náà. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ni ọdún rẹ̀, ti ọmọ ni ọjọ́ 28. Nínú kàlẹ́ńdà Ìjọ, ìyá ló ṣáájú.

Ó kù síbi tó korò.

Ní Naples, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Annunziata. Lára ògiri rẹ̀ ni àgbá onígi kan wà tó ń yí. Ìyá tí kò lè tọ́mọ á gbé ọmọ sínú àgbá lóru, á yí i, ọmọ á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ilé, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ojú ìyá. Àwọn ará ìlú kò pe àwọn ọmọ yẹn ní ọmọ àlè. Ọmọ Màdónà ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn ni Esposito, ìyẹn ẹni tí wọ́n gbé síta, ó sì wà lára orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù ní Naples lónìí. Ọdún 1875 ni wọ́n ti àgbá náà pa. Mo gbà pé iṣẹ́ ìyá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ nípa Írẹ́lándì? Láti ọdún 1922 títí dé 1998, wọ́n ń fi àwọn ọmọbìnrin tó lóyún láìlọ́kọ sí àwọn ilé kan, àwọn sístà ló sì ń darí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba jábọ̀ ní oṣù Kìíní, ọdún 2021: nínú ilé 18 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìyá bí 56,000 àti ọmọ bí 57,000 ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ bí 9,000 ló kú. Ní Tuam nìkan, orúkọ ọmọ 796 ló wà nínú ìwé ikú láàárín 1925 sí 1961, wọ́n sì rí egungun ọmọdé nínú àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó jọ ti ihò omi ìdọ̀tí. Àwọn sístà tó darí ilé náà ti tọrọ àforíjì. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ìyá kì í ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé nítorí pé ó lóyún, kó sì wá ju ọmọ-ọmọ sínú kòtò. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ ìyá, kó gbọ́ èyí náà. Mo kọ ọ́ síbí nítorí Felicity. Òun náà bímọ lẹ́wọ̀n, àwọn ará ìjọ kò sì béèrè ẹni tó fún un lóyún.

Ẹrúbìnrin mìíràn tún rèé, Josephine Bakhita: wọ́n jí i gbé ní Darfur nígbà tó ṣì kéré, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ pọ̀ débi tó gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. "Bakhita" tí àwọn olówò ẹrú ń pè é túmọ̀ sí olóríire. Wo irú ẹ̀fẹ̀ burúkú bẹ́ẹ̀. Ó di òmìnira ní ilé ẹjọ́ Ítálì ní 1889, ó di sístà, ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àwọn sístà ní Schio. Àwọn ọmọdé ìlú náà sọ ọ́ ní Ìyá Dúdú. Ẹni tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá ló di ìyá fún ọmọ ẹlòmíràn. Ní ọdún 2000 ni Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìbò 40 ló yanjú ọ̀rọ̀ Màríà ní Ìpàdé Vatican Kejì? Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń jiyàn bóyá kí Màríà ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, tàbí kó wà nínú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa Ìjọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, 1963, wọ́n dìbò: 1,114 ní kó wọ inú ìwé Ìjọ, 1,074 ní rárá. Ìdí nìyẹn tí Màríà fi wà ní orí kẹjọ ìwé náà (mẹ́jọ náà tún dé!). Ìwé ọ̀hún kò pè é ní "Ìyá Ìjọ" gan-an, àwọn kan kò fẹ́ orúkọ yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, 21 oṣù Kọkànlá, 1964, Póòpù Paul Kẹfà dìde, ó sì kéde orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2018, Póòpù Francis fi í sínú kàlẹ́ńdà: ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Pẹ́ńtíkọ́sì. Nítorí náà, kí Ìyá Ìjọ pàrísì wa má bínú, ẹnìkan ti jẹ oyè yẹn ṣáájú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí Yorùbá fi ń pe Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà? Nítorí pé àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú Brasil àti Kúbà padà, ló gbé e délé. Kí fàdá kankan tó fìdí kalẹ̀ ní Èkó ni ọkùnrin kan lára wọn, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ti ń kó wọn jọ fún àdúrà. Òun kì í ṣe àlùfáà. Ọdún 1863 ni Fàdá Borghero bẹ Èkó wò, ìjọ ló bá níbẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ́kù lọ́hùn-ún náà kò gbàgbé ìyá. Ní Cachoeira, ní Bahia, ẹgbẹ́ obìnrin kan wà, Boa Morte, obìnrin dúdú tó ti dàgbà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Láàárín oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń ṣe ọdún Màríà tó sùn tó sì gòkè re ọ̀run, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìtàn wọn sì ni pé àwọn ìyá wọn máa ń dáwó jọ láti ra ẹrú sílẹ̀. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Yorùbá wo Màríà ti Cobre, wọ́n rí Ọ̀ṣun. Wọ́n wo ti Regla, wọ́n rí Yemọja. Fàdá kò fọwọ́ sí i, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n wá fi ìyá mìíràn hàn, ojú ìyá tó mọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá lára rẹ̀. Ní ọdún 1916 ni Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún fi Màríà ti Cobre ṣe alábòójútó Kúbà. Àwọn jagunjagun òmìnira àtijọ́ ló kọ̀wé bẹ̀ ẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn rèé. Nínú ihò ìsìnkú Priscilla lábẹ́ ilẹ̀ Róòmù, àwòrán obìnrin kan wà lára àjà tó gbé ọmọ sáyà. Ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó wà lára àwòrán Màríà tó pẹ́ jù láyé. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2017, Póòpù Francis ri ọmọ 28 bọmi ní ṣápẹ́lì Sistine, níbi tí wọ́n ti ń yan Póòpù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀kan mú un, gbogbo wọn gbè é. Póòpù ní ẹkún ni ìwàásù àkọ́kọ́ tí Jésù náà ṣe. Ó wá sọ fún àwọn ìyá pé bí ebi bá ń pa ọmọ wọn, kí wọ́n fún un lọ́yàn níbẹ̀, láìbẹ̀rù, bí Màríà ṣe fún Jésù.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ké lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ Àìkú yìí, má yíjú padà wo ìyá rẹ̀. Sún fún un kó rí ibi jókòó.